Aago Tí Bàbá Mi Dá Dúró

Kò sí ẹni tó ríran tó bàbá mi ní gbogbo àdúgbò wa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, àwa náà sì gbà, torí ẹ̀rí wà. Aago ló ń tún ṣe. Ó lè fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ nọ́ọ̀tì tí kò tó ẹyọ iyanrìn kan nínú aago ọwọ́ obìnrin, kó gbé e sórí bébà funfun, kó sì tún dá a padà sí ààyè rẹ̀ láìṣi ọwọ́ gbé. Bí irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ bá já bọ́, àwa ọmọ rẹ̀ á fi àyà lélẹ̀, à á máa wá a títí ọrùn á fi dùn wá. Òun á kàn tẹ̀ síwájú lórí àga, á ní, "Òun nìyẹn. Ojú wo lẹ fi ń wò ná?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ojú Àṣá.

Ojú yẹn kan náà la fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Bí a ò ṣe pàdánù rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ló rí. Èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní olè.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kò ju yàrá kan ṣoṣo lọ, láàárín ilé onígbàjámọ̀ kan àti ilé ìtàwé. Tábìlì rẹ̀ ga dé àyà kó má baà máa tẹ̀ba jù, iná kan tó lọ́rùn gígùn wà lókè rẹ̀, àwọn agolo kéékèèké tó kó ẹ̀yà aago sí sì tò lọ bẹẹrẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Aago mẹ́tàdínlógún ló wà lára ògiri, gbogbo wọn ló sì ń lọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí aago kú lójú òun. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á lọ ṣí i wò, á ní àbùkù gbáà ni. Ìró wọn ti wọ̀ ọ́ lára débi pé òun alára ti di aago. Tó bá ń jẹun, ẹnu rẹ̀ ń bá aago rìn. Tó bá ń bá wa wí, ìka rẹ̀ á máa lu tábìlì, kọ́, kọ́, kọ́, kò sì ní ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi máa ń sọ pé aago onírùngbọ̀n ni òun fẹ́, kì í ṣe ọkọ.

Èmi ò gba iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ní sùúrù nọ́ọ̀tì kékeré, gbogbo ilé ló mọ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà: ọmọ méjìlélógójì láàárọ̀, ọmọ méjìlélógójì lọ́sàn-án, ariwo wọn ò lónǹkà. Iṣẹ́ àwa méjèèjì yàtọ̀ síra lọ́nà kan tí mi ò ronú kàn nígbà náà. Bàbá mi, ojú kan ṣoṣo ló ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi, bí mi ò bá wo ọ̀tún kí n wo òsì, ọmọ ọlọ́mọ lè wà lábẹ́ táyà.

Ó tó ọdún mẹ́ta kan tí bàbá mi fi ń bá ohun èlò ilé jà. Ife tí ìyá mi bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù, á ní, "Ta ló gbé ife síbí?" Òpó ilẹ̀kùn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, á fi èjìká kọ lù ú, á sì yí padà wò ó bí ẹni pé òpó ló rìn wá bá a. Ọmọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi bú ọmọ náà, ó bú ẹni tó rà á ní kẹ̀kẹ́, ó ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́mọ ọlọ́mọ ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ti rí i láti òkèèrè.

Èyí tó burú jù ni ti ìkíni. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ juwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ títì, kò dá a lóhùn. Onígbàjámọ̀ gbé ife omi tútù síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ fi ro ó, kò gbà á. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ kiri pé Ojú Àṣá ti ń gbéra ga, pé àwọn ọlọ́lá tó ń gbé aago wúrà wá fún un ti yí i lórí. Mo bá obìnrin kan jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba, torí èmi kì í gbé ìyà mì. Àmọ́ nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, èmi náà rò pé ìgbéraga ni.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó mú aago ọwọ́ kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fún mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà ni. Mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Ó ní, "Ojú tèmi ló ń yọni lẹ́nu ni, àbí tìẹ?"

Mo bọ́ síta, mo lọ bá bọ́ọ̀sì mi.

Ní ìpẹ̀kun òpópó wa ni gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá wà. Àwọn ọkùnrin tí wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn ni wọ́n, tí wọ́n ti búra pé àwọn á máa ṣe bí ọmọ ìyá: káfíńtà, tíṣà, oníbúrẹ́dì, akọ̀wé kóòtù. Arákùnrin ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣèpàdé, wọ́n á gbé ọ̀já aláwọ̀ búlúù kọ́ èjìká, wọ́n á sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́nà kan tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ojú ni iṣẹ́ àánú tí wọ́n yàn láàyò. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn tí èèyàn ń ju awò ojú àlòkù sí. Wọ́n á nù ún, wọ́n á wọn agbára rẹ̀, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n á fún ẹni tó bá bá lójú mu. Wọ́n ń gbé aláìní lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Àwọn náà ló ń ran àwọn dókítà kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣèwádìí ohun tó ń fọ́ èèyàn lójú, kí ọmọ ọmọ wa má baà jìyà rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lónìí. Nígbà yẹn, ohun tí bàbá mi bá sọ nípa wọn ni mo mọ̀, ohun tó sì máa ń sọ ni pé àgbààgbà tó bá ń fi ọ̀já di ara wọn bí ìkókó kò lè níṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Alága wọn ni à ń pè ní Bàbá Lẹ́tà. Ọdún márùndínlógójì ló fi pín lẹ́tà ládùúgbò wa kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ajá tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀sì mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ni Bàbá Lẹ́tà bá wọlé. Ó kí wa, ó sì na ọwọ́ sí bàbá mi láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bàbá mi dá a lóhùn, ó tún ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọwọ́ àgbàlagbà dúró lófuurufú.

Ara mi gbóná. Mo ti la ẹnu láti pe bàbá mi sí àkíyèsí, àmọ́ Bàbá Lẹ́tà fi ìka kan lé ètè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọwọ́ náà síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú labalábá, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aago tí bàbá mi tú sílẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá mi tó rí i, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Lẹ́tà. Ọ̀já dà lónìí?"

"A fọ̀ ọ́ sá ni, Ojú Àṣá. Ìkókó tó ń lò ó ló tọ̀ sí i."

Ojú ti èmi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí awò kékeré tó ń kì bọ ojú láti fi wo inú aago fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Lẹ́tà ò sọ̀rọ̀ nípa ojú rárá. Ó ní aago ńlá inú gbọ̀ngàn àwọn ló kú, pé ní Sátidé tó ń bọ̀ àwọn fẹ́ gba àlejò, kí bàbá mi jọ̀wọ́ wá jí i fún àwọn. Bàbá mi ní òun á wá, pé aago ò ṣẹ̀, àwọn tó ni ín ló ṣẹ̀.

Nígbà tí mo sin ín síta, Bàbá Lẹ́tà dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbàjámọ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "bàbá ẹ ò gbéra ga. Ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ ló ti lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Gbogbo wa pè é ní agbéraga títí ó fi fọ́ pátápátá, ìgbà yẹn la tó wá ń bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé kò ní ríran mọ́ ni, sà?"

"Èyí tó ti lọ kì í padà. Èyí tó kù la lè dì mú, tá a bá yára. A fẹ́ yẹ ojú àwọn èèyàn wò ní gbọ̀ngàn wa ní Sátidé. Tí mo bá ní kó wá yẹ ojú wò, ṣé á wá?"

"Láéláé."

"Tí mo bá ní aago kú ńkọ́?"

Mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà wọlé, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo gbé ìka mẹ́ta sókè lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Bí ojú yẹn bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ, aago mẹ́tàdínlógún lọ, bàbá mi náà á sì tẹ̀lé wọn, torí mo mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Àga tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìwé ńlá alálífábẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, awò ojú lóríṣiríṣi wà lórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò rẹ̀. Àwọn ọlọ́já búlúù ń di àwọn arúgbó mú ní ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń fi ìjókòó hàn wọ́n. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; èèyàn tí mo rò pé ojú wọn dá ṣáká ló wà lórí ìlà. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ni aago náà wà, ó ga ju bàbá mi lọ, irin gígùn kan tó yẹ kó máa fì sọ́tùn-ún sósì dúró gbagidi nínú rẹ̀. Inú yàrá yẹn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wò sí. Bàbá mi ṣí aago, ó fọ̀ ọ́, ó kán epo sí i, kò pé wákàtí kan tó fi ń dún kọ́, kọ́, tó ń kún gbogbo yàrá.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi dán ẹ̀rọ yìí náà wò, kí n mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ta ni yóò fi ẹ̀rọ lọ bàbá mi kó kọ̀? Ó ti jókòó kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí abọ́ funfun ńlá tí wọ́n gbé dúró. Èèyàn á gbé àgbọ̀n lé e, wọ́n á bo ojú kan, á tẹjú mọ́ àmì kan láàárín. Iná wínníwínní á máa tàn ní ẹ̀gbẹ́ níbí, á tàn lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá ti rí i, á tẹ bọ́tìnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́! Ó ń tẹ̀ ẹ́ geere. Mo wí nínú ọkàn mi pé Bàbá Lẹ́tà ti ṣìnà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí wọ́n ṣe ojú méjèèjì tán, bàbá mi dìde, ó na aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ojú mi náà ń ṣiṣẹ́."

Bébà jáde lára ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó yí i, ó tún un wò, ó lọ pe dókítà. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ó ki pẹ́ńsù bọ irun. Ó fara balẹ̀ ka bébà ọ̀hún.

"Bàbá, ohun tí ìwé yìí sọ ni pé ẹ rí gbogbo iná tá a fi hàn yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì tún rí èyí tá ò fi hàn yín."

Dókítà ṣàlàyé pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ náà máa ń dúró láìtan iná kankan, kó lè mọ ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnì lásán. Ìgbà mẹ́rìnlá ló dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlá ni bàbá mi tẹ̀ ẹ́.

Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo pariwo. "Bàbá! Ẹ ń purọ́ fún ẹ̀rọ?"

"Ta ló purọ́?" Inú bí i gan-an. "Ẹ̀rọ tó dáa lẹ̀rọ yìí, kì í pẹ́, kì í yá. Aago á dún kọ́, kọ́, iná á tàn. Kọ́, kọ́, iná á tàn. Mo kàn ń bá a lọ ni. Kí ni mo tún ń dúró dè, nígbà tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

Aago tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìka rẹ̀ ń lu ẹ̀gbẹ́ tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń lù ú. Mo wo dókítà, dókítà wò mí, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe pẹ́ láyé tó, mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan fi etí yẹ ojú wò.

Dókítà nu omijé ẹ̀rín, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mélòó lẹ fi ojú rí nínú wọn?"

Bàbá mi wo bọ́tìnì náà. Ó ní, "N ò mọ̀. Mo rò pé mo rí gbogbo wọn."

Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn dá aago dúró kí àwọn tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Aago tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí? Kò ṣeé ṣe." Ni wọ́n bá fi òwú dí i létí, wọ́n sì yí ẹ̀rọ kí iná má baà máa tàn déédéé mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àtàǹpàkò rẹ̀ kò mira púpọ̀. Mo ń rí iná tó ń tàn níbi tí mo dúró sí, mo ń retí kó tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́.

Bébà kejì dúdú láti etí dé etí, àfi àárín tó funfun bí ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní omi inú ojú ni kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, tó ń fún iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ pa, pé gulakómà ni wọ́n ń pe àrùn náà, pé kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ló sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú. Ẹni tó bá ń wo ọ̀tún wo òsì á tètè fura, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé àárín ojú nìkan ló fi ń jẹun, àrùn lè jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ yíká kó má mọ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bàbá mi yọ awò rẹ̀ lápò, ó kì í bọ ojú, ó tẹ̀ sórí bébà náà bí ẹni tó ń wá nọ́ọ̀tì. "Gbogbo dúdú yìí, ojú tèmi ni?"

"Ojú yín ni, sà. Àmọ́ funfun yìí náà, ojú yín ni. Òun la fẹ́ dì mú."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa sọ. Ohun tó sọ ni pé, "Mo bú ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn."

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá ló ṣe gbogbo rẹ̀: iṣẹ́ abẹ, oògùn tó ń kán sójú láràárọ̀ lálaalẹ́, àti lílọ àti bíbọ̀. Bàbá Lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló ń mú un lọ sílé ìwòsàn, ọwọ́ òsì ló sì máa ń rìn, nítorí òsì ló burú jù, kí ohunkóhun tó bá ń bọ̀ kọ́kọ́ bá òun. Káfíńtà inú ẹgbẹ́ wá kan igi pẹlẹbẹ yí etí tábìlì ká kí ife má baà já bọ́, ó sì kun òpó ilẹ̀kùn wa ní funfun báláú. Ìyá mi bú sẹ́kún nígbà tó rí òpó náà. Ó ti fi ọdún mẹ́ta rò pé òun ni ọkọ òun ń fi ife dà láàmú.

Bàbá mi dúró níwájú Bàbá Lẹ́tà lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. "Mo ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́," ó ní.

"A gbọ́. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ wá máa ṣe é nínú ìpàdé."

Ẹni tó ti kọ ìkíni lọ fún ọdún mẹ́ta wá ń san án padà. Ó lọ bẹ ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó lọ bẹ onígbàjámọ̀, ó wá ọmọ oníkẹ̀kẹ́ títí ó fi rí i, ó tún aago bàbá ọmọ náà ṣe. Nísinsìnyí, bó bá ń rìn lọ, á máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, á máa kí tẹrú-tọmọ. Mo bá a níbi tó ti ń kí òpó iná lọ́jọ́ kan. Àwọn ará àdúgbò tó ní ó ń gbéra ga ti wá ń sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bóyá ibẹ̀ ni ǹ bá fi ìtàn náà mọ, bí kì í bá ṣe lẹ́tà tí dókítà kọ. Ó ní àrùn náà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, pé ìwádìí tí ẹgbẹ́ ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ fẹ́ máa tẹ̀lé ìdílé lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa tètè mú un. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́nà jíjìn ti lọ yẹ ojú rẹ̀ wò níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó wá ku èmi.

Èmi tí mo pariwo mọ́ bàbá mi, oṣù mẹ́ta ni mo fi ki lẹ́tà yẹn sínú àpótí iwájú bọ́ọ̀sì. Mo ní mi ò ráyè. Mo ní ojú mi dá ṣáká. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á gba ọwọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ọ́lẹ̀, mo rí bàbá mi tó ń gun bọ́ọ̀sì bọ̀, tó ń fọwọ́ tọ́ irin. Ó jókòó sí ìjókòó àwọn ọmọ lẹ́yìn mi, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

"Lẹ́tà yẹn dà?"

"Bàbá, iṣẹ́ ló pọ̀. Mo sì ríran dáadáa."

"Bí èmi náà ṣe sọ nìyẹn." Ìka rẹ̀ kò lu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. "Gbọ́, ọmọ mi. Èmi, ife ni mo gbá dànù. Ìwọ, kí lo fẹ́ gbá?"

Mo wo inú dígí. Ìjókòó méjìlélógójì ló tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ṣófo, àfi ìbọ̀sẹ̀ kékeré kan tí ọmọ kan bọ́ sílẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí. Bàbá mi jẹ́ kí n sun ún tán, ó wá ní kí n máa wà á lọ, ìyá mi ń dúró dè wá.

Nígbà tí mo lọ, yàrá kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn náà ni mo jókòó sí. Mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n bo ojú mi kan, wọ́n fún mi ní bọ́tìnì. Aago ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ọmọ bàbá mi ni mí. Àárín aago mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Kí iná kankan tó tàn, àtàǹpàkò mi ti ń mira. Inú mi lọ́hùn-ún fẹ́ kó máa mira. Mo fẹ́ kí ìwé wọn sọ pé mo rí gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dúró," bàbá mi wí.

Ó yí orí wá aago náà rí, ó rìn lọ síbẹ̀, ó ṣí dígí rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó di irin tó ń fì mú. Yàrá pa lọ́lọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì wà pẹ̀lú bàbá mi nínú yàrá tí aago ò ti dún.

"Bí o bá rí i, tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Bí o ò bá rí i, má tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Má bẹ̀rù."

Mo tẹ èyí tí mo rí. Èyí tí mi ò rí, mi ò tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí bébà jáde, dókítà jókòó tì mí. Ó ń bẹ níbẹ̀. Etí ojú òsì ni, dúdú kan tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, pé bí mo bá ń kán oògùn, tí mo sì ń wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó ṣeé ṣe dáadáa kó má kọjá ibẹ̀. Mo bi í nípa bọ́ọ̀sì kí n tó bi í nípa ohunkóhun mìíràn. Ó ní kí n máa wa bọ́ọ̀sì mi. Ó ní ká ní bàbá mi ò wá jí aago lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa pè mí títí èmi náà á fi máa bá òpó ilẹ̀kùn jà.

Mo gbójú sókè. Bàbá mi ṣì dúró nídìí aago, ó ṣì di irin mú.

"Ṣé ó ti tán?" ó ní. "Ṣé mo lè fi í sílẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti tètè rí i. Ẹ ṣeun, sà."

Ó fi í sílẹ̀. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka ti ọwọ́ aago ńlá náà síwájú kó lè bá àkókò mu. Ìṣẹ́jú méjìlá ni aago Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìyá fi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Láràárọ̀, tí mo bá wo dígí ọ̀tún, tí mo wo ti òsì, tí mo sì rí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé inú ìṣẹ́jú méjìlá yẹn ni mo ti rí wọn gbà.